Ìléru abẹ́ ilé: àkọsílẹ̀ ọ̀ràn ìdílé H

Ní ọdún 1921, William Holland Wilmer, dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú American Journal of Ophthalmology nípa ohun tí gáàsì carbon monoxide ń ṣe fún ojú. Ó fi ìròyìn ilé kan sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ilé náà ṣe sọ ọ́. Kò dárúkọ wọn, lẹ́tà H nìkan ló fi pè wọ́n. Oṣù kọkànlá ọdún 1912 ni wọ́n kó wọ ilé náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ẹlòmíì kò gbọ́, tí wọ́n sì ń rí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀ràn yìí ṣòro láti kó dànù ni pé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ìyá rí i, bàbá mọ̀ ọ́n lára, ara àwọn ọmọ kò dá, àwọn tó ti gbé ilé náà ṣáájú wọn náà sì ní ti wọn láti sọ. Ẹni tó bá gbọ́ á ní ṣé gbogbo wọn ló jọ ń parọ́ ni? Wọn kò parọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àmọ́ pípọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀, tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé iwin ni lóòótọ́, gan-an ló yẹ kó darí gbogbo ojú sí abẹ́ ilé, níbi tí ìléru, ẹ̀rọ oníná tó ń mú ilé gbóná, wà.

Ohun tí wọ́n rí

Ilé ńlá àtijọ́ ni, ó sì nílò àtúnṣe. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn kì í dún. Ìyá ilé sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ pọ̀ jù, ó ń tẹni mọ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun àti ọkọ rẹ̀ rí i pé inú àwọn kì í dùn mọ́, láìsí ohun tó bí wọn nínú.

Ìró ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹni tó ń rìn nínú yàrá tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Yàrá náà ṣófo. Ó wọ èyí tó kàn án, ó yí gbogbo yàrá ibẹ̀ ká, ó tún gun àjà tó tún wà lókè. Òun nìkan ló wà ní apá ibẹ̀. Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé sùn, ariwo á máa ti yàrá ìkẹ́rùsí wá, bíi pé ẹnìkan ń wọ́ àga ti ilẹ̀kùn, tí ó sì ń kó àwo káàkiri. Bàbá ilé kò lè jẹun kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀: ó dá a lójú pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn òun, títí ó fi di pé ó ń yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí tábìlì kó lè máa rí ọ̀nà àbáwọlé.

Lẹ́yìn náà ni ti dígí. Ní ìyálẹ̀ta, ìyá ilé ń lọ láti pálọ̀ sí yàrá ìjẹun. Ó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun yàrá yẹn, onírun dúdú, aṣọ dúdú lọ́rùn, ẹni tí kò mọ̀ rí. Kò sá. Ó ń rìn lọ pàdé rẹ̀ títí obìnrin náà fi pòórá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí nínú dígí, nínú ẹ̀wù sílíkì tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìmọ́lẹ̀ àti dígí ló ń tan òun. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn ṣẹlẹ̀, ìyàlẹ́nu rẹ̀ kò sì dín kù nígbà kankan.

Ẹnìkan nínú ilé náà jí lóru, ó rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jókòó sí ìdí ibùsùn rẹ̀. Obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dé àkẹtẹ̀ ńlá. Ọkùnrin náà dàgbà jù ú lọ, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ nù, orí rẹ̀ sì ti ń pá díẹ̀. Ẹni tó jí náà kò lè mi ìka. Àfi ìgbà tó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fọwọ́ kan èjìká òun ni ara rẹ̀ tó tú, ó jókòó, àwọn méjèèjì sì rá mọ́ ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo àwọn ohun tí kò dẹ́rù bani tó wà nínú ìròyìn kan náà. Àwọ̀ ara àwọn ọmọ ń ṣá, ara wọn kò yá gágá mọ́, oúnjẹ kò wù wọ́n. Yàrá ìṣeré wọn wà ní òkè pátápátá, ẹṣin onígi àti gbogbo ohun ìṣeré wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa ṣeré nínú yàrá ìbùsùn. Orí ń fọ́ àwọn àgbà. Òdòdó inú ìkòkò kú. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ fún ìsinmi, ara wọn yá. Nígbà tí wọ́n padà, àìsàn náà padà. Wọ́n wá lọ bi àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú wọn léèrè. Àwọn yẹn náà ti rí nǹkan: àwọn kan sọ pé ẹni tó wọ aṣọ àlùkò àti funfun ń rá yí ibùsùn àwọn ká. Bí wọ́n sì ṣe ń wádìí sẹ́yìn sí i ni wọ́n ń gbọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó gbé níbẹ̀ ló ṣàìsàn, tí wọ́n lọ rí dókítà, tí dókítà kò sì rí àrùn kan pàtó tọ́ka sí.

Bí okùn náà ṣe tú

Kì í ṣe olùwádìí iwin kankan ló tú u. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ilé ló rántí àpilẹ̀kọ kan tó kà lọ́jọ́ pípẹ́, nípa ìdílé kan tí gáàsì wọ̀ lára, tí gbogbo wọn sì ń rí ohun tí kò sí. Ó ní kí wọ́n tètè ké sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ìléru wò, ó ti bàjẹ́ gan-an. Iná inú rẹ̀ kò jó tán, èéfín tó yẹ kó gba ṣímínì jáde ń tú sínú yàrá, carbon monoxide sì ń bá a lọ. Ìkìlọ̀ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ sun ilé náà ní alẹ́ kan ṣoṣo sí i, torí bí wọ́n bá sùn ún, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ mọ́ kí àwọn kan nínú wọn má jí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun ẹni tó bá mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Láti oṣù kọkànlá títí kọjá ìparí ọdún, ìdílé kan ń bá iwin fà á, ikú sì wà nísàlẹ̀ ilé, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn dáná sí i lójoojúmọ́.

Bí gáàsì náà ṣe ń ṣe é

Ohunkóhun tó bá ń jó, ì báà jẹ́ èédú, igi, kẹrosíìnì, epo bẹntiróòlù tàbí gáàsì ìdáná, nílò afẹ́fẹ́ tó tó. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, carbon monoxide á jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Nínú ẹ̀jẹ̀, hemoglobin ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Gáàsì yìí sì ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin ní ìlọ́po 200 sí 250 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí èèyàn bá mí i sínú fún wákàtí púpọ̀, á gba àyè ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ, ọkàn àti ojú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ ìyà ọ́síjìn tó dín kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ iwin fi bọ́ sọ́wọ́ dókítà ojú.

Ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ara rẹ̀ sì kéré, nítorí náà òun ló máa ń tètè hàn lára rẹ̀. Ẹni tó ń wà nílé tọ̀sántòru á jìyà ju ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ohun tó bá jò láti ìsàlẹ̀ á sì bá a gòkè. Ẹ tún wo yàrá ìṣeré tó wà lókè pátápátá, tí àwọn ọmọ sá kúrò nínú rẹ̀. Alẹ́ ló ń burú jù: wọ́n ti ti fèrèsé nítorí òtútù, wọ́n dẹ iná ìléru kó lè rọra jó di òwúrọ̀, iná tí wọ́n bá sì dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń rí afẹ́fẹ́ díẹ̀, nítorí náà ó ń tu gáàsì yìí sí i. Bí ìran bá wá pọ̀ ní òru ìgbà òtútù, òru kọ́ ló bí i.

Kì í ṣe pé gáàsì nìkan ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ẹni tí kò lè mi ara níwájú àwọn méjì tó jókòó sí ìdí ibùsùn, àmì ohun mìíràn hàn kedere lára tiẹ̀. Nígbà tí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń pa ẹran ara lẹ́nu mọ́ kí a má bàa dìde máa ṣe ohun tí à ń lá. Nígbà mìíràn ojú á là kí ìdè náà tó tú. Àlá á wá kún inú yàrá tí ojú ń rí. Ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń gbà, ìfọwọ́kàn tàbí mímì ìka kan sì sábà máa ń fòpin sí i. Ẹ rántí èjìká. Oorun tí kò já geere ló máa ń fa èyí, inú ilé tí gbogbo èèyàn ń mí gáàsì lálaalẹ́ sì ni wọ́n wà.

Ti bàbá ilé, tó ń mọ ẹnìkan lára lẹ́yìn rẹ̀, kò nílò ojú rárá. Ní ọdún 2006, Shahar Arzy, Olaf Blanke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn nínú Nature nípa obìnrin ẹni ọdún 22 kan tí wọ́n ń yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò nítorí wárápá. Nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan ní apá òsì ọpọlọ rẹ̀, níbi tí ìmọ̀lára ara àti ipò ara ti ń pàdé, ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Bó bá jókòó, ẹni náà jókòó. Bó bá sùn sílẹ̀, ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọpọlọ kà sí ẹlòmíì. Ọpọlọ tí ọ́síjìn kò tó kò jìnnà sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ariwo yàrá ìkẹ́rùsí, ilé onígi àtijọ́ tó ń gbóná tó ń tutù máa ń dún fúnra rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ orí kápẹ́ẹ̀tì sì ń sọ ìró kékeré di ńlá létí ẹni tí orí ń fọ́ tí ẹ̀rù sì ń bà.

Bí a ṣe ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò

Bí ẹ bá gbọ́ pé ju ẹnìkan lọ ń rí tàbí ń gbọ́ nǹkan nínú ilé kan, ẹ má tíì bèèrè ẹni tó kú síbẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tó ń jó níbẹ̀. Sítóòfù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, ìléru, èédú nínú yàrá, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, mọ́tò tí wọ́n ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tó lẹ̀ mọ́ ilé: èyíkéyìí nínú wọn tó. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnìkan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn tàbí tí wọ́n ń dà rú, kí gbogbo wọn jáde síta pẹ̀lú àwọn ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n sì ké sí àwọn panápaná láti ìta. Ẹ má ṣe padà wọlé láti lọ pa iná. Ẹni tó wọlé láti gba ẹlòmíì là ló sábà máa ń di òkú kejì.

Nílé ìwòsàn, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn: ẹ ní kí wọ́n wọn carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì torí pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti wọn ọ́síjìn kò lè mọ̀ ọ́n. Gáàsì náà mú hemoglobin pupa bíi ti ọ́síjìn, nọ́ńbà á sì dára nígbà tí ẹ̀mí ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde nínú ẹ̀jẹ̀; pẹ̀lú ọ́síjìn pátápátá láti inú ìbòmú tó há dáadáa, wákàtí kan sí kan ààbọ̀ ni. Ẹni tó bá kúrò nílé láàárọ̀ tó wá ṣe àyẹ̀wò lálẹ́ lè gba èsì tó mọ́, kó padà sí ilé kan náà lọ sùn. Ẹ ro ti àwọn ayálégbé àtijọ́ yẹn, tí dókítà kò rí nǹkan tọ́ka sí lára wọn.

Bí kò bá sí ewu ojú ẹsẹ̀, ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n rí tàbí gbọ́, aago tó ṣẹlẹ̀, yàrá tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ń jó lásìkò náà, bóyá fèrèsé ṣí, ẹni tí orí ń fọ́, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn wákàtí méjì tó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ìran tó bá ń tẹ̀ lé iná, tí kì í sì tẹ̀ lé èèyàn jáde, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó wò. Èyí tó jẹ́ pé orí ibùsùn nìkan ni, tó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe, tí ara sì ń le gbagidi, ọ̀rọ̀ oorun ni, ẹ tún oorun ẹni náà ṣe. Irú ti ìdílé H yóò hàn nínú ìwé náà kíákíá, torí gbogbo ìlà ló máa tọ́ka síbì kan.

Lẹ́yìn náà ẹ wo iná fúnra rẹ̀. Iná gáàsì tó dára máa ń jẹ́ aró. Bó bá ń pọ́n rúsúrúsú tó ń mì lẹ́lẹ́, tí ẹ̀gbin dúdú èéfín wà lára ògiri, tí omi ń sẹ̀ sí gíláàsì fèrèsé lójijì, ó ń jó lódì. Fún ẹ̀rọ tó ní ọ̀nà èéfín tó ṣí sílẹ̀, ẹ tàn án, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá gbé igi tùràrí tó ń rú èéfín sí ẹnu ibẹ̀. Ó yẹ kó fa èéfín náà sínú. Bó bá ń tú u sí yín lójú, ẹ pa á. Ẹ tún dán an wò pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì àti fáànù ilé ìdáná títàn, torí fáànù yẹn lè fa afẹ́fẹ́ ilé débi pé yóò máa fa èéfín padà wálé láti ojú ṣímínì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń kùnà nìyí: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún oníṣẹ́, ẹ̀rọ fà dáadáa, oníṣẹ́ lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ṣímínì, ìtẹ́ ẹyẹ àti ẹ̀gbin dúdú èéfín ló sábà máa ń dí i. Nínú ìléru tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ẹ wá ibi tí irin tó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ yàrá ti sán.

Ẹ ra àlàámù carbon monoxide, ọ̀kan lẹ́bàá yàrá ìsùn, ọ̀kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára pé ó máa parí. Àmọ́ ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ìlànà Amẹ́ríkà, UL 2034, ní kí àlàámù dún láàárín wákàtí kan sí mẹ́rin bí ó bá jẹ́ 70 nínú mílíọ̀nù ìwọ̀n afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ ní 70 ppm. Ní 400 ppm, láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 15. Gáàsì tó kéré ju 70 lọ lè wà nílé fún oṣù kan láìsí pé ó dún, orí á sì máa fọ́ àwọn ará ilé. Fún ilé tí ìran ti ń yọ, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn ló dára. Ẹ gbé e sínú yàrá tí wọ́n ti ń rí nǹkan, ẹ kà á ní alẹ́ kí ẹ tó sùn àti ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ṣí fèrèsé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kan náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún ka nọ́ńbà fún ọ̀sẹ̀ kan ní ilé títì pa pẹ̀lú iná títàn. Ẹ máa ṣọ́ ẹni tí gáàsì náà wọ̀ lára gan-an, bó tilẹ̀ dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá: láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìgbàgbé, ìdàrúdàpọ̀ tàbí ìyípadà ìwà lè yọjú lára rẹ̀. Bí ó bá yọjú, ẹ mú un padà sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ dání.